Géèmù Yín Ń Lag? Ẹ Wá Ohun Tó Ń Fà Á Sẹ́yìn Kí Ẹ Tó Náwó

Bí géèmù bá bẹ̀rẹ̀ sí í há lórí kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n ń pè ní lag, ohun tí mo ń rí tí àwọn ọmọ Ìkòròdú ń ṣe kì í yàtọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fa gbogbo gíráfíìkì wálẹ̀ sí "Low". Kò ní tó. Wọ́n á wá "game booster" kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi sí i. Ìyẹn náà kò ní ṣe nǹkan kan. Níkẹyìn wọ́n á ní káàdì gíráfíìkì, ìyẹn ẹ̀yà tó ń ya àwòrán, ti kú, wọ́n á wọ mọ́tò ní Gáréèjì, ó di Computer Village ní Ìkẹjà, wọ́n á ra káàdì tàbí láptọ́ọ̀pù mìíràn bọ̀ wálé. Géèmù ṣì ń há.

Wọn ò wádìí èwo gan-an nínú ẹ̀yà ẹ̀rọ náà ló ń dá àwọn tó kù dúró. Bí káàdì bá yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tí ṣájà kò lè gbé e, owó káàdì ti wọgbó nìyẹn. Èyí tí mo sì ń bá pàdé jù ládùúgbò wa kì í ṣe ti géèmù rárá: iná ni, ooru ni, ṣájà tí wọn ò ṣe fún ẹ̀rọ náà ni. Ìdí nìyí tí mo fi gbé "Settings" inú géèmù sí ẹ̀yìn pátápátá. Ẹ tẹ̀lé e bó ṣe tò.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows 10 tàbí 11.
- MSI Afterburner, tí RivaTuner máa ń bá wá. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Orí ojúlé MSI fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti gbà á, torí ayédèrú rẹ̀ tó ní fáírọ́ọ̀sì nínú wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.
- HWiNFO, fún ooru. CrystalDiskInfo, fún ìlera dísìkì. Ọ̀fẹ́ ni àwọn náà, data kékeré ló sì máa gbé wọn.
- Screwdriver kékeré, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, àti blówà bí ẹ bá rí i yá.
- Ìwé àti bírò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá kọ nọ́ńbà àkọ́kọ́ sílẹ̀ kò ní mọ̀ bóyá ohun tó tún ṣe ràn án lọ́wọ́.
- Ibì kan pàtó nínú géèmù tí ẹ ti mọ̀ pé ó máa ń há, tí ẹ lè padà sí nígbàkígbà: títì kan náà, ìdíje kan náà, pápá kan náà. Ibẹ̀ lẹ ó ti máa dán gbogbo nǹkan wò.

Òfin kan ṣoṣo: nǹkan kan ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dán an wò, kí ẹ tó yí òmíràn.

Ìpele 1: Ṣé kọ̀ǹpútà ni, àbí íntánẹ́ẹ̀tì?

Àìsàn méjì tí oògùn wọn ò jọra ni àwọn èèyàn ń pò pọ̀ níbí. Ká ní ẹ ń bá ẹlòmíràn gbá bọ́ọ̀lù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí agbábọ́ọ̀lù yín ń pẹ́ kó tó gbọ́ bọ́tìnnì, tàbí tí alátakò ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn, ṣùgbọ́n tí pápá àti òǹwòran ń yí geerege lójú kọ̀ǹpútà. Íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé gbogbo àwòrán ló dúró gbagidi kó tó fò síwájú, tí ohùn náà tún ń gé, kọ̀ǹpútà ni.

Ẹ pa Wi-Fi, kí ẹ fi géèmù náà bá kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ta. Bí lag bá lọ, ẹ gbé router sún mọ́ fèrèsé tàbí kí ẹ fi wáyà LAN so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì ní kí àwọn ará ilé dín fídíò kù díẹ̀. Ìyókù ìtọ́sọ́nà yìí kò kàn yín.

Àyẹ̀wò: Bí ó bá ń há pẹ̀lú Wi-Fi pípa, ẹ máa bọ̀.

Ìpele 2: Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan

Fps ni iye àwòrán tí kọ̀ǹpútà ń gbé sójú yín ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nọ́ńbà yìí nìkan máa ń tan èèyàn jẹ, torí àròpín ni. Dánfó tó ń sáré àsápajúdé láti Mile 12, tó tún ń dúró gìrì ní gbogbo bọ́sítọ́ọ̀pù kó tó dé Àgírìkì, bí ẹ bá ṣírò àròpín eré rẹ̀, nọ́ńbà náà á dùn ún gbọ́. Ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ ló mọ bó ṣe ń fi orí gbá ìjókòó iwájú.

Frametime ló ń sọ òótọ́: àkókò tí àwòrán kọ̀ọ̀kan gbà kó tó jáde. Ní 60 fps, àwòrán kan gbọ́dọ̀ jáde láàárín 16.7ms (ms kan ni ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá). Ní 30 fps, 33.3ms ni. Bí àwọn tó kù bá jáde lásìkò tí ẹyọ kan ṣoṣo wá gba 100ms, fps lè ṣì máa fi nọ́ńbà tó dára hàn, ṣùgbọ́n ojú yín á rí i pé ó kọsẹ̀.

Ẹ ṣí Afterburner, ẹ lọ sí "Settings", lẹ́yìn náà "Monitoring". Ẹ tẹ ìwọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máàkì "Show in On-Screen Display" fún wọn: GPU temperature, GPU usage, Memory usage, Core clock, CPU temperature, CPU usage ti kọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan, RAM usage, Framerate àti Frametime. Ẹ sọ Frametime di "graph" dípò "text", kó lè máa fa ìlà. GPU ni káàdì gíráfíìkì, Core clock sì ni bó ṣe ń sáré tó. CPU ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà, kọ́ọ̀ ni ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. RAM ni ibi tó ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí.

Wàyí o, ẹ lọ síbi tí ẹ ti yàn nínú géèmù, ẹ ta á fún 20 ìṣẹ́jú. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á wò ó fún ìṣẹ́jú méjì, wọ́n á ní ooru kọ́ ni ìṣòro. Ooru kì í yára dé. Nígbà tó bá há, ẹ wo ohun tí nọ́ńbà ń sọ:

- GPU usage dúró ní 97% sí 99%, ìlà Frametime tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n fps kéré: káàdì ń ṣiṣẹ́ débi tágbára rẹ̀ mọ. Ìpele 9 ló máa ràn yín lọ́wọ́ jù.
- GPU usage ń já wálẹ̀ nígbà tó bá há, kọ́ọ̀ CPU kan tàbí méjì sì ń kan 100%: CPU ni káàdì ń dúró dè. Ìpele 9.
- Gbogbo rẹ̀ dára ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá Core clock bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀: ooru tàbí iná. Ìpele 3 àti 4.
- Memory usage ti káàdì ti kún dé ẹnu: texture, ìyẹn àwòrán tí wọ́n fi ń bo ara nǹkan nínú géèmù, ti pọ̀ jù fún un. Ìpele 9.
- RAM ti kún, iná dísìkì ń ṣẹ́jú láìdúró: Ìpele 6.
- Ó ń há nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá rí ohun tuntun, bí ìbúgbàù tàbí ìlú tuntun, tí ẹ bá tún gba ibẹ̀ kò há mọ́: shader ni. Ìpele 8.

Àyẹ̀wò: Kí ẹ tó kúrò níbí, kí ẹ lè fi gbólóhùn kan sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, bíi "lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, clock já láti 1700 sí 900". Bí ẹ ò bá tíì lè sọ ọ́, ẹ tún un ta.

Ìpele 3: Iná àti ṣájà

Ẹni tó bá ń fi bátìrì ta géèmù, kó lọ fi láptọ́ọ̀pù rẹ̀ síná ná. Lórí bátìrì, láptọ́ọ̀pù a máa dín agbára CPU àti káàdì kù gidigidi, kò sì sí Settings tó máa dá gbogbo rẹ̀ padà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yí ṣájà dojú sókè kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síwájú "OUTPUT". Ẹ fi V lọ́po A, ẹ ó rí wáàtì. 19.5V lọ́nà 3.34A, wáàtì 65 nìyẹn. 19.5V lọ́nà 7.7A, wáàtì 150. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe fún wáàtì 150 ni wọ́n sábà máa ń ta pẹ̀lú ṣájà 65 tó bá wà nílẹ̀, bí ẹnu rẹ̀ bá ti wọlé. Iná wọlé, bátìrì ń kún, oníbàárà gbé e lọ sílé tayọ̀tayọ̀. Ó di ọjọ́ tó bá ta géèmù kó tó rí i pé ẹ̀rọ náà ń jẹun ju ohun tí wọ́n ń bù fún un lọ. Ẹ wo ìdí láptọ́ọ̀pù tàbí ojúlé ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kí ẹ mọ wáàtì tó yẹ ẹ́.

Àwọn láptọ́ọ̀pù kan tún wà tó jẹ́ pé bí wọn ò bá dá ṣájà mọ̀, wọ́n á fa CPU wálẹ̀ pátápátá. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, Task Manager á ṣí, ẹ lọ sí "Performance", ẹ wo "Speed" níbi CPU nígbà tí géèmù ń lọ. Bí ó bá há sí abẹ́ 1GHz tí kò kúrò níbẹ̀, ṣájà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ó wá kan iná fúnra rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe iná kò jìnnà sí wa, ẹ̀gbẹ́ Ìjẹ̀dè níbí ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí gílóòbù ṣe ń pọ́n nírọ̀lẹ́ nígbà tí gbogbo ilé bá tan nǹkan sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣájà láptọ́ọ̀pù ló ń gba 100V sí 240V. Ó wà lára wọn níwájú "INPUT". Bí iná bá lọ sílẹ̀ ju ìyẹn lọ, tàbí tó ń lọ tó ń bọ̀, láptọ́ọ̀pù á sá sórí bátìrì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, fps á já, á tún padà. Àmì rẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà á ṣú díẹ̀, àwòrán púlọ́ọ̀gì tó wà lára bátìrì nísàlẹ̀ á lọ, á bọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí fíríìjì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra. Ẹ yọ fíríìjì àti áyọ́ọ̀nù kúrò lórí rẹ̀, kí ẹ wò ó. Ẹ tún wo sọ́kẹ́ẹ̀tì: púlọ́ọ̀gì tó ń mì nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti gbó ń ṣe iṣẹ́ ibi kan náà.

Lórí Windows 11, ẹ lọ sí Settings Windows, "System", "Power & battery", kí ẹ gbé "Power mode" sí "Best performance". Energy saver gbọ́dọ̀ wà ní pípa.

Ìkìlọ̀: Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀ tàbí ẹ̀bá fèrèsé nítorí géèmù òru. Èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn lójú oorun.

Desktop tó ń kú tàbí tó ń tún ara rẹ̀ tan láàárín géèmù kì í ṣe lag. Power supply rẹ̀ tàbí iná tó ń wọ inú rẹ̀ ni kí ẹ lọ wò.

Àyẹ̀wò: Ẹ kọ iye bátìrì sílẹ̀, ẹ ta géèmù fún 30 ìṣẹ́jú pẹ̀lú ṣájà lára, kí ẹ tún wò ó. Bí bátìrì bá lọ sílẹ̀ lọ́nà tó hàn nígbà tó wà lórí iná, ṣájà tàbí iná yín kò gbé e.

Ìpele 4: Ooru àti eruku

Bí CPU bá gbóná jù, òun fúnra rẹ̀ ló máa dín eré kù kó má bàa jóná. Fún ọ̀pọ̀ CPU Intel inú láptọ́ọ̀pù, 100°C ni ààlà. Fún ọ̀pọ̀ Ryzen (CPU ti AMD), 95°C ni. Ẹ ṣí HWiNFO sílẹ̀ lẹ́yìn géèmù, kí ẹ wo "Thermal Throttling". Bí ó bá kọ "Yes", ẹ ti rí i.

Ní àdúgbò tí títì rẹ̀ kò ní ọ̀dà, tí tírélà tún ń kọjá níbẹ̀ láti Ọ̀dọ̀gúnyàn, ẹ má ro ibòmíràn kí ẹ tó ro eruku, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́. Ọmọ kan gbé tirẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Sábó lójú mi. Oníṣọ́ọ̀bù náà ń tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, ọmọ náà ń rojọ́:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì fi blówà fẹ́ ẹ láàárọ̀ yìí o."

"Àbúrò, ìta lo fẹ́. Wá wo inú."

Láàárín fáànù àti àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà jáde, eruku ti lẹ̀ mọ́ra wọn di odindi. Ẹ̀gbọ́n náà fi ẹ̀mú fà á, ó jáde ní ẹyọ kan ṣoṣo láìjá, ó gùn tó ìka ọwọ́. Fáànù ń yí dáadáa o. Afẹ́fẹ́ ni kò rí ọ̀nà jáde. Blówà tó ń fẹ́ láti ìta ń ti eruku yẹn padà sínú ni, kò lè yọ ọ́.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí:

1. Ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ yọ ṣájà, ẹ tú ìdí rẹ̀. Ẹ to nọ́ọ̀tì sórí bébà bí wọ́n ṣe wà lára ẹ̀rọ, torí gígùn wọn kì í dọ́gba. Èyí tó gùn tó bá bọ́ sí ojú ihò kúkúrú lè gún bọ́ọ̀dù láti abẹ́.
2. Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, ẹ yọ wáyà bátìrì kúrò lára bọ́ọ̀dù.
3. Ẹ fi ìka di fáànù mú kó má yí, kí ẹ tó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, ẹ yọ eruku tó wà láàárín fáànù àti àwọn irin yẹn. Ẹ má lo aṣọ tútù.
4. Bí ẹ̀rọ náà bá ti pẹ́, ẹ pààrọ̀ thermal paste, ọ̀rá tó ń gbé ooru kúrò lára CPU. Ẹ nu ti àtijọ́ kúrò pátápátá pẹ̀lú isopropyl alcohol, kí ẹ fi èkán tuntun tó tó ẹ̀wà kan sí àárín. Mo ti rí ẹni tó fi ọṣẹ ìfọyín dípò rẹ̀. Yóò dà bí ẹni pé ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, yóò gbẹ, ooru á sì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bí ẹ ò bá tíì tú ẹ̀rọ rí, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì dúró tì í. Owó iṣẹ́ náà kò tó nǹkan kan lára owó káàdì.

Kí ẹ tó tú u rárá, ẹ gbìyànjú èyí: ẹ gbé ìdí láptọ́ọ̀pù sókè pẹ̀lú ìwé méjì lẹ́yìn, lórí tábìlì. Bẹ́ẹ̀dì àti tìmùtìmù ni wọ́n ń fi dí ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀. Bí ooru bá ṣì le, ẹ lọ sí "Power Options" nínú Control Panel, "Change advanced power settings", "Processor power management", kí ẹ fi "Maximum processor state" sí 99%. Èyí máa ń pa Turbo, ìyẹn àfikún eré CPU, lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù. CPU á dín eré kù díẹ̀, ooru á wálẹ̀ gan-an, géèmù tí káàdì ni ìṣòro rẹ̀ sì lè wá tẹ́jú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lójú tèmi, nínú yàrá tí kò ní AC, èyí wúlò ju gbogbo "cooling pad" tí wọ́n ń tà lọ.

Àyẹ̀wò: Ibì kan náà, 20 ìṣẹ́jú. Core clock gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró síbi tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀, "Thermal Throttling" kò sì gbọdọ̀ kọ "Yes" mọ́.

Ìpele 5: Ṣé káàdì gan-an ló ń ṣiṣẹ́?

Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Lórí desktop, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: wáyà HDMI gbọ́dọ̀ wà lára káàdì nísàlẹ̀, kì í ṣe lára bọ́ọ̀dù lókè. Lórí láptọ́ọ̀pù tó ní káàdì méjì, ẹ lọ sí Settings, "System", "Display", "Graphics", ẹ fi géèmù náà sí i, kí ẹ yan "High performance".

Àyẹ̀wò: Ẹ ta géèmù, ẹ wo Task Manager. Káàdì tó ní orúkọ NVIDIA tàbí Radeon ńlá ló gbọ́dọ̀ máa gòkè.

Ìpele 6: RAM àti dísìkì

Ẹ ṣí Task Manager, "Performance", "Memory". Ẹ wo ohun méjì. Àkọ́kọ́ ni "Slots used". Bí ó bá kọ "1 of 2", RAM kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì ń gbà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú CPU. 8GB méjì ń yára ju 16GB ẹyọ kan lọ nínú géèmù, ọ̀pọ̀ ìkọsẹ̀ sì ń dínkù pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn tí kò ní káàdì tó dá dúró, tó jẹ́ Iris Xe tàbí Vega tó wà nínú CPU ni wọ́n ń lò, ni yóò jàǹfààní jù, torí RAM yẹn náà ni gíráfíìkì wọn ń yá lò. Bí mo bá ní kí ẹnì kan náwó lórí láptọ́ọ̀pù, RAM kejì ni mo sábà máa ń kọ́kọ́ pè.

Ìkejì ni "Speed". Lórí desktop, RAM tí wọ́n kọ 3200 sí lára lè máa sáré ní 2133 tàbí 2400 látọjọ́ tí ẹ ti rà á, torí pé ẹnikẹ́ni kò tan XMP, ètò tó ń jẹ́ kí RAM sáré dé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára. Ẹ wọ BIOS, ìyẹn ojú ètò tó máa ń wà kí Windows tó ṣí, ẹ tan XMP; lórí bọ́ọ̀dù AMD tó ń lo DDR5, EXPO ni wọ́n máa ń pè é. Ọ̀fẹ́ ni.

Ó wá kan dísìkì. Géèmù tí ayé inú rẹ̀ fẹ̀ máa ń fa àwòrán wọlé bí ẹ ṣe ń wakọ̀ lọ. Hard disk kì í bá eré náà lọ, ó ń dúró, géèmù ń há. Ọ̀pọ̀ ló sì ń ta géèmù tààrà láti inú hard disk ìta tí wọ́n fi gbà á ní ṣọ́ọ̀bù, tí wáyà USB rẹ̀ tún ti dẹ̀. Ẹ dà á sórí SSD (dísìkì tó yára ju hard disk lọ) inú ẹ̀rọ náà. Bí Steam ló bá wà nínú rẹ̀, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ géèmù náà, "Properties", "Installed Files", "Move install folder". Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lórí SSD, ẹ má jẹ́ kó kún dé ẹnu. Ẹ ṣí CrystalDiskInfo náà: bí ó bá kọ "Caution" tàbí "Bad", ẹ da fáìlì yín síbòmíràn lónìí, kí ẹ tó ro ọ̀rọ̀ géèmù.

Ìkìlọ̀: Ẹ má tẹ̀lé àwọn tó ní kí ẹ pa pagefile, àyè tí Windows ń yá lórí dísìkì bí RAM bá kún. Lórí ẹ̀rọ 8GB, géèmù á kàn máa jábọ́ sóde ni.

Àyẹ̀wò: Ẹ wakọ̀ gba títì kan náà. RAM kò gbọdọ̀ kún, dísìkì kò sì gbọdọ̀ máa kan 100% ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ há.

Ìpele 7: Àwọn tó ń jẹun lẹ́yìn yín

Ẹ pa Chrome. Ẹ lọ sí "Startup apps", ẹ pa ohun tí ẹ ò nílò. Nínú Settings Windows, "Gaming", "Captures", ẹ pa "Record what happened". Nínú Steam, "Downloads", ẹ má jẹ́ kó máa gba nǹkan wọlé nígbà tí ẹ ń ta géèmù. Ẹ sì yọ gbogbo game booster kúrò. Òun gan-an wà lára àwọn tó ń jẹun.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ rèé. Géèmù tí wọ́n dà fún yín láti inú flash láìsan owó rẹ̀ lè gbé ohun kan wá tó ń fi ẹ̀rọ yín wa owó íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹlòmíràn. Àmì rẹ̀: fáànù ń ké nígbà tí ẹ ò ṣe nǹkan kan, ẹ ṣí Task Manager, CPU tó wà lókè já wálẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí pé ó ń sá fún yín. Ẹ fi HWiNFO wò ó dípò Task Manager. Bí ẹ bá fura, ẹ ṣí "Windows Security", "Virus & threat protection", "Scan options", kí ẹ yan èyí tó ní "offline" nínú orúkọ rẹ̀.

Àyẹ̀wò: Kọ̀ǹpútà tó kàn jókòó, tí kò ṣe nǹkan kan fún ìṣẹ́jú mélòó kan, CPU rẹ̀ kò yẹ kó máa kọjá ìwọ̀nba díẹ̀.

Ìpele 8: Dráífà àti shader

Dráífà ni ètò tí Windows fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀. Ti NVIDIA tàbí AMD wúwo, ẹ lọ gbà á níbi tí data bá ti pọ̀. Ojúlé wọn fúnra wọn ni. Ẹ má lo "driver updater" kankan. Bí lag bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ fi dráífà tuntun, ẹ padà sí ti àtijọ́: ẹ fi DDU, ètò tó ń nu dráífà, nu tuntun kúrò ní Safe Mode, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ti àtijọ́ sí i.

Shader ni ìlànà tí káàdì ń tẹ̀lé láti ya nǹkan. Géèmù tó ń lo DirectX 12 sábà máa ń pèsè wọn ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá ṣí i. Bí ó bá kọ pé òun ń ṣe "compiling shaders", ẹ jẹ́ kó parí. Àwọn tí kò ní sùúrù ló ń fò ó, tí wọ́n wá ń ráhùn pé géèmù ń kọsẹ̀ ní gbogbo kọ̀rọ̀. Gbogbo rẹ̀ máa tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ dráífà, ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu.

Àyẹ̀wò: Ibi tó há nígbà àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ há nígbà kejì.

Ìpele 9: Ìgbà yìí ló tó kan Settings géèmù

Ẹ má fa gbogbo rẹ̀ wálẹ̀. Ohun tó ń fà yín sẹ́yìn ni kí ẹ fọwọ́ kàn.

Bí Memory usage ti káàdì bá kún, "Texture" nìkan ni kí ẹ dínkù. Káàdì 2GB tàbí 4GB kì í gba "High" nínú ọ̀pọ̀ géèmù tuntun. GTA V tilẹ̀ ń fi ìlà kan hàn nínú Settings rẹ̀ tó ń sọ iye tí ẹ ti lò. Ẹ má jẹ́ kó pọ́n. Bí káàdì bá ń kan 99%, ẹ dín shadow, reflection àti volumetric (òjìji, ohun tó ń dán padà, àti kùrukùru) kù, tàbí kí ẹ lo FSR, tó ń ya àwòrán kékeré kó tó fẹ̀ ẹ́, tó sì ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ káàdì. DLSS, tó jọ ọ́, wà fún káàdì RTX ti NVIDIA nìkan. Bí CPU bá ni, fífa resolution (iye àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) wálẹ̀ kò ní ràn yín lọ́wọ́; iye èrò lójú títì àti bí ojú ṣe ń ríran jìnnà tó ni kí ẹ dínkù.

Lẹ́yìn náà, ẹ de fps mọ́ nọ́ńbà kan. Géèmù tó ń sá láàárín 38 àti 60 ń yọni lẹ́nu ju èyí tó dúró ní 30 gedegbe lọ. Ọ̀pọ̀ kò gbà mí gbọ́ títí wọ́n fi dán an wò. Ẹ ṣí RivaTuner, ẹ kọ nọ́ńbà sí "Framerate limit". Lójú kọ̀ǹpútà 60Hz (tó ń yí àwòrán padà nígbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), 60 tàbí 30 ló dára jù. Ẹ má dè é níbi méjì, nínú géèmù àti nínú RivaTuner lẹ́ẹ̀kan náà.

Àyẹ̀wò: Ìlà Frametime gbọ́dọ̀ tẹ́. Bí ó bá ṣì ń yọ ṣónṣó, nọ́ńbà tí ẹ dè é mọ́ ga jù fún ẹ̀rọ yín.

Bí ó bá wá di dandan kí ẹ rà nǹkan

RAM kejì ló ṣáájú, lẹ́yìn náà SSD bí ẹ bá ṣì wà lórí hard disk. Káàdì ló gbẹ̀yìn, fún ẹni tí Ìpele 2 bá sọ fún pé káàdì rẹ̀ ń kan 99%. Ẹ gbé GPU-Z, ètò tó ń sọ irú káàdì tó wà nínú ẹ̀rọ, sínú flash lọ síbi tí ẹ ti fẹ́ rà á. Bí káàdì bá jẹ́ ayédèrú tó mọ̀, ó máa kọ "FAKE" síwájú orúkọ rẹ̀. Kí wọ́n fi káàdì náà ta géèmù fún 20 ìṣẹ́jú lójú yín, kí ẹ máa wo ooru àti Core clock, kí ẹ tó yọ owó. Bí wọ́n bá ní kò sí iná láti dán an wò, ẹ ní ẹ ó padà wá nígbà tí iná bá dé.